Ọwọ́ Tó Yọ Lára Ògiri Keje

Àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ògiri tó ń dún fún mi. Orí búlọ́ọ̀kù la jókòó sí lọ́jọ́ náà, ní Lagos Town, ní Accra níbí, a ń jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ líle àwọn ará ibí, pẹ̀lú ata dúdú, sìmẹ́ńtì ṣì wà lábẹ́ èékánná àwa méjèèjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní bàbá àwọn, ìyẹn bàbá bàbá mi, kọ́lé fún oníṣòwò kan ní àdúgbò yẹn kan náà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ kìkì ilé alámọ̀ àti páànù. Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ ìdílé wa tí wọ́n gbé ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Nígbà tí bíríkìlà bá rẹ́ ògiri ìkẹyìn tán, kí ó tó gbẹ, yóò tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí àlejò kò ní rí, bóyá ẹ̀yìn àpótí aṣọ, bóyá abẹ́ fèrèsé yàrá. Kò ní kọ orúkọ. Kò ní sọ̀rọ̀. Ọwọ́ nìkan.

Ibà ń ṣe bàbá àgbà lọ́jọ́ tó parí ilé oníṣòwò yẹn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀, ó gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó oníṣòwò náà wá bá a. Ó ní, “Bàbá, ẹnìkan ń kan ògiri wa.” Ó ní tó bá ti di ìyálẹ̀ta, tí gbogbo èèyàn ti lọ sọ́jà, tí ilé dá wáí, òun á gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Á sinmi. Kó, kó, kó. Bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń fi ìdí irin gbá búlọ́ọ̀kù kí ó lè jókòó dáadáa. Àwọn ti wo ẹ̀yìn ilé, àwọn ò rí èèyàn. Àwọn ti wá eku títí, àwọn ò rí eku.

“Kí ni bàbá àgbà wá ṣe?” Mo bi í.

“Ó po amọ̀ díẹ̀ sínú igbá, ó bá obìnrin náà lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ó parí.”

“Kí ló ń kàn án tẹ́lẹ̀?”

Bàbá Kékeré bu kẹ́ńkè, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ata, ó jẹ ẹ́ tán kí ó tó dá mi lóhùn. Ẹni tí kì í kánjú ni. “Ògiri náà fúnra rẹ̀ ni. Tí ẹni tó kọ́ ọ kò bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ òun tán. Ó ń pe òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn lèmi náà ti ń tẹ ọwọ́ mọ́ ògiri. Mò ń ṣe é nítorí pé ọ̀gá mi ń ṣe é, kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Ọwọ́ Bàbá Kékeré kò ṣòro láti mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọwọ́, nítorí ìka rẹ̀ tó kéré jù ní ọ̀tún ti gé dé ìdajì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù ló gé e nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ilékílé tó bá ti kọ́, ní Nima, ní Mamobi, ní Lagos Town, tí o bá sún àpótí kúrò lára ògiri, wàá rí ìka mẹ́rin gígùn àti kùkùté kan.

Iṣẹ́ wa yí padà níṣojú mi. Bàbá àgbà fi amọ̀ mọ ògiri, ipele kan á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bàbá Kékeré fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn títa lókè, omi nínú rọ́bà láti fi mọ ibi tó tẹ́jú. Nígbà tí èmi fi dá dúró, òpó kọnkéré ni gbogbo èèyàn ń fẹ́, búlọ́ọ̀kù kàn ń dí àlàfo àárín òpó ni. Lẹ́yìn náà ni ilé onígíláàsì gòkè wá, tí ògiri rẹ̀ kò gbé nǹkan kan rù, tó kàn rọ̀ sára ilé bí aṣọ. Àwọn ilé tí a kọ́ nígbà èwe mi wá di nǹkan tí wọ́n ń wó. Àwọn ọmọ tó jogún wọn fẹ́ alájà mẹ́rin. Katakata á dé láàárọ̀; kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wó ọ̀kan nínú ilé Bàbá Kékeré ló máa ń lọ wò ó. Á dúró ní òdìkejì títì, ọwọ́ lẹ́yìn, títí yóò fi tán. Níparí ọdún tó kọjá, wọ́n wó èyí tó ṣẹ́kù, ilé kan ní Mamobi, lẹ́yìn ilé kéwú kan. Èmi àti ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Màmá, la bá a lọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó ní, “Ó tán. Kò sí ògiri kankan ní Accra tó mọ̀ mí mọ́.”

Màmá gbá a léjìká. “Èmi ńkọ́? Ọdún mélòó lo ti ń fara tì mí? Èmi ò tó ògiri ni?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń rìn lọ síbi tí a ti máa wọ ọkọ̀ èrò tírótíró, mo rí i tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, tó ń yí i síwá yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó gbé nǹkan dání tó sì sọ ọ́ nù lọ́nà.

Èmi ni fóómàn nígbà yẹn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lójú ọ̀nà Tema. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ, mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹnjiníà wa, obìnrin ará Ghana kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àkọ́bí mi lọ, ló fi páálí ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó tẹ́ páálí kan sórí tábìlì. “Èyí ni ilẹ̀ ilé. A ó kọ́kọ́ dà á, a ó jẹ́ kó gbẹ.” Ó tẹ́ òmíràn lé e. “Èyí ni ògiri. Orí ilẹ̀ náà la ó ti dà á, ní ìdùbúlẹ̀.” Ó wá fi ìka méjì mú etí páálí tòkè, ó gbé e nàró. “Báyìí ni kíréènì á ṣe gbé e dìde. A ó fi ọ̀pá irin tì í nínú títí òrùlé á fi dì í mú.” Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é lókè òkun, pé wọ́n ti fi í kọ́ ilé ìtajà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn. Ó ní ohun tí àwa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tò, a ó gbé e dúró kí omi tí a fẹ́ fi po tíì tó hó.

Ògiri méjìlá ni. Ohun tó gba ìṣọ́ra jù ni òróró tí a ń fi pa ilẹ̀ kí a tó da ògiri lé e, kí àwọn méjèèjì má bàa lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ìkejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú ògiri tó dojú kọ ilẹ̀ ló máa di ojú ìta ilé, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i títí di ọjọ́ tó bá dìde. Bí ilẹ̀ bá ní ihò, ògiri á ní kókó. Bí ilẹ̀ bá ní kókó, ògiri á ní ihò. Ẹnjiníà fẹ́ kí ilẹ̀ dán bíi díńgí. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, Bàbá Kékeré nìkan ló lè fọwọ́ dán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún ń rò ó pé bóyá iṣẹ́ á jẹ́ kó gbàgbé ilé Mamobi.

Mo mú un wá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń tiro. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Alátà Àgbà, nítorí Alátà ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí. Ó yí ibi iṣẹ́ po lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sórí àwọn pákó tí a ti to.

“Ẹ ń tẹ́ ògiri bí ẹni tẹ́ ẹní?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Tí ẹ bá wá gbé e dìde lójijì, òòyì ò ní kọ́ ọ?”

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Twi fún àwọn yòókù, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. Òun ń wo ilẹ̀.

“Ìgbà wo lẹ ń rẹ́ ẹ?”

“A kì í rẹ́ ẹ, Bàbá. Bó bá ṣe dìde ni yóò ṣe wà.”

“Níbo wá ni ọwọ́ ń wà?”

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Bàbá, ẹ dákun. Níbí, ẹ má tẹ ọwọ́ mọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á lé èmi pẹ̀lú yín.”

“Ta ni ògiri náà máa wá mọ̀? Kíréènì?”

“Bàbá, mo bẹ̀ yín.”

“Mo ti gbọ́,” ó ní.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sọ pé òun ò ní ṣe é.

Ilẹ̀ tí ògiri keje máa dùbúlẹ̀ sí, òun nìkan ló dán an, lórí eékún méjèèjì, odindi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó jókòó sílé, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà la to pákó yí ibẹ̀ ká, tí a pa òróró. Kí a tó tẹ́ irin, mo yẹ ilẹ̀ náà wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀. Mo fojú wò ó, mo fọwọ́ pa á láti etí dé etí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ irú ẹni tó dán an. Ó dán. Mi ò rí nǹkan kan. Mo fọwọ́ sí ìwé.

Ọjọ́bọ̀ la da kọnkéré náà. Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Kékeré kírun alásàrì tán, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní kí Màmá fún òun lómi. Kí Màmá tó gbé omi dé, ó ti lọ. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí orúnkún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé la sin ín.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ la máa ń fi bu omi wọ́n ògiri bẹ́ẹ̀ kí ó lè gbó. Èmi fúnra mi ni mò ń wọ́n ti keje. Mi ò lè sọ ìdí tí mi ò fi gbé e fún ẹlòmíràn. Ó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn yòókù, ó gùn, ó fẹ̀, ó dojú délẹ̀, àpò tútù bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dúró tì mí lọ́jọ́ kan. “Ọ̀gá, ẹ jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.” Mo ní kó lọ gbé omi wá.

Ọjọ́ tí a máa gbé wọn dìde kò pẹ́ dé. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: nígbà tí ògiri bá fẹ́ já kúrò lára ilẹ̀, ó máa ń mí. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ abẹ́ rẹ̀, ẹnjiníà ti ṣàlàyé ìyẹn. Ṣùgbọ́n hààà gígùn tó máa ń dún yẹn, bí ẹni jí lójú oorun tó wọra, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Àkọ́kọ́ mí, a fò sẹ́yìn. Ìkejì mí, a rẹ́rìn-ín ara wa. Kí a tó dé ìkẹfà, ó ti mọ́ wa lára.

Keje kò mí.

Ẹ̀wọ̀n kíréènì fà, ó le gbagidi. Ògiri kò mira. Ọkùnrin Gà tó ń wa kíréènì yọjú wò mí láti inú ilé gíláàsì rẹ̀ lókè. Mo fi ọwọ́ ṣe fún un pé kó rọra. Ó rọra. Ògiri náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, láì dún, bí ẹni tó ti jí tẹ́lẹ̀ tó kàn ń dúró kí a pe òun. Ó dìde, ó nàró, ó kọ ojú rẹ̀ sí títì. Àwa wà nínú, a ń de ọ̀pá tó máa tì í. Nígbà tí a de èyí tó kẹ́yìn, ẹnìkan kígbe níta. A gbọ́ tí wọ́n sáré lọ. A gbọ́ tí wọ́n sáré padà.

Mo yí lọ síta.

Ọwọ́ kan wà lára ògiri náà, ní ìwọ̀n èjìká mi. Kò wọnú bí èyí tí àwa máa ń tẹ̀. Ó yọ síta. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan wà nínú kọnkéré, tó ń ti ògiri láti inú wá, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti là á kọjá sọ́dọ̀ wa. Ìlà ọwọ́ hàn. Oríkèé ìka hàn. Ìka mẹ́rin gígùn, kùkùté kan.

Ẹni tó ń wa kíréènì sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Ó ṣí fìlà ike tó dé. “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá,” ó kí i ní Gà, ó sì yíjú sí mi. “Èmi ń lọ sílé. Ìkẹjọ di ọ̀la. Mi ò lè kí Alátà Àgbà kí n tún máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan.”

Ẹnjiníà dé. Ó wo ọwọ́ náà, ó wò mí.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

“Ti Bàbá Kékeré mi ni, Màdáámù.”

“Ẹni tó kú?”

“Òun ni.”

Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. “Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ilẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Kọnkéré wá gba ìrísí rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ yẹ ilẹ̀ wò, báwo lẹ ò ṣe rí i?”

“Mi ò rí i.”

“Òróró ló kún inú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Oòrùn ń dán lórí rẹ̀, ẹ ò lè mọ̀.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

A jọ wọlé lọ wo ilẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ tó jìn wọnú, òróró ṣì wà nínú ìka rẹ̀. Àlàyé ẹnjiníà bá ojú mu. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ pa ibẹ̀. Ọwọ́ mi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pa ilẹ̀ kiri, ó mọ ihò.

Mo lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Kékeré. Gbogbo ayé rẹ̀, ó ń tẹ ọwọ́ kí ó lè wọnú ògiri. Kò rò ó débi pé níbí, ilẹ̀ ni ìyá tó ń bí ògiri, pé ohun tó bá wọnú ìyá ni yóò yọ lára ọmọ.

“Onílé ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì,” ẹnjiníà ní. “Ojú títì ni ògiri yìí kọ sí, kò ní gbà á lọ́wọ́ wa báyìí. Ẹ fá ọwọ́ náà kúrò kí ó tó dé. Ẹ dí ti ilẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, kò sí ẹni tó máa gbà nínú àwọn yòókù.” Ó rìn díẹ̀, ó padà. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ni.”

Nírọ̀lẹ́ mo lọ bá Màmá ní Lagos Town. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe rí i. Kò sunkún.

“Ìka rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Kùkùté náà?”

“Kùkùté náà wà níbẹ̀, Màmá.”

Ó gbọn orí. “Olóríkunkun. O ní kó má ṣe é, àbí?”

“Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é.”

“Èmi náà bẹ̀ ẹ́ kó má fẹ́ ìyàwó kejì. Ìyẹn nìkan ló gbọ́.” Ó ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Mú mi lọ wò ó.”

“Wọn ò gba àlejò níbẹ̀. Mo sì ní láti fá a kúrò kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì.”

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Gbogbo ògiri rẹ̀ ni wọ́n ti wó. A jọ dúró síbẹ̀ tí wọ́n wó èyí tó kẹ́yìn. Èyí nìkan ló kù ní gbogbo ayé, ìwọ lo wá fẹ́ fá a?”

“Tí èmi ò bá fá a, wọ́n á rán ẹlòmíràn.”

“Mo mọ̀.” Ó fa àwo rẹ̀ sọ́dọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. “Ìwọ ni ó kọ́ níṣẹ́. Má jẹ́ kó tán. Mi ò mọ bí o ṣe máa ṣe é. Má sáà jẹ́ kó tán.”

Láàárọ̀ ọjọ́rú, kí àwọn yòókù tó dé, mo to pákó kéékèèké mẹ́rin yí ọwọ́ inú ilẹ̀ náà ká. Mo pa òróró sí i, mo fi ìka mi tẹ̀lé ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo po sìmẹ́ńtì pẹ̀lú yanrìn tí mo sẹ́, mo dà á sínú rẹ̀, mo fi àwọ̀n wáyà tín-ín-rín sáàárín, mo fi àpò tútù bò ó. Ògiri ni mo dà, àmọ́ kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì, mo gbé e.

Ó mí.

Hààà, gígùn, bí ti àwọn ńláńlá. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo gbé e mọ́ àyà, mi ò mira títí ó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo dí ti ilẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń fá kọnkéré, mo fi aṣọ di imú, mo lọ síta. Orí kùkùté ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá kọ́kọ́ mú un kúrò, ìyókù á di ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí ìka tó kẹ́yìn fi di eruku, ọwọ́ rẹ̀ ni. Eruku funfun bò mí, ó wọ inú ojú mi, mo gbé e lọ sílé lára irun mi.

Ọjọ́ Ẹtì, onílé wá, ó fọwọ́ pa ògiri keje, ó ní iṣẹ́ dára. Nínú oṣù yẹn a fi páànù bo ilé náà, a yọ ọ̀pá ìtì, wọ́n kó ẹrù wọlé.

Màmá gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ mi nínú aṣọ tí mo wé e sí. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, ó dì í mú pẹ́. “Ó ṣe gbóná báyìí?”

“Inú ọkọ̀ ló gbóná, Màmá.”

Ó wò mí. Ó gbé e nàró sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń tọ́jú ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí náà pè mí lórí fóònù. Ọmọ Akan ni, a ò pàdé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ, ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ lórí búlọ́ọ̀kù ní Lagos Town ni. “Ọ̀gá, ẹnìkan ń kan ògiri wa.”

“Ìgbà wo?”

“Tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, á sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta, á sinmi.”

Mo ní páànù ni, tí oòrùn bá mú un, ó máa ń fẹ̀, á sì máa dún. Mo bi ẹnjiníà, ohun kan náà ló sọ. Mo pe obìnrin náà padà, mo sọ ọ́ fún un.

“Páànù kan náà ló bo ògiri méjèèjìlá,” ó ní. “Mo ti ka wọn láti ẹnu ọ̀nà. Keje nìkan ló ń dún.”

Kò sẹ́ni tó sọ fún un nípa keje.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Màmá náà pè mí. “Wá gbé bàbá rẹ.”

“Kí ló ṣe?”

“Kò jẹ́ kí n gbádùn. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, kó, kó, kó. Mo bi í pé kí ló fẹ́, kò dáhùn. Ó ń ṣiṣẹ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Mi ò bẹ̀rù rẹ̀ o. Àádọ́ta ọdún ni mo fi gbọ́ ìró irin ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ ni ibi tó ń tẹ ọwọ́ sí. Wá ògiri fún un.”

Mo gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ bá ẹnjiníà, pé kí n gbẹ́ ààyè díẹ̀ lára keje, nínú, níbi tí ẹrù á bò ó. Ó ní ògiri náà kò sí lọ́wọ́ àwa mọ́. Mo lọ bá onílé tí Màmá ń gbé ilé rẹ̀. “Ọwọ́ òkú? Nínú ilé mi? Ẹ fẹ́ kí gbogbo ayálégbé mi sá lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo?” Mo gbé e délé ara mi, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tí ọwọ́ yẹn bá wọlé, òun á jáde, kí èmi àti ọwọ́ jọ máa gbọ́únjẹ.

Nítorí náà, abẹ́ àtíbàbà ní ìta ló wà, lórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí. Mo ti mọ ìwà rẹ̀. Ní àná, mo pe obìnrin ilé ìkẹ́rùsí ní aago mẹ́wàá, mo ní kó gbé fóònù mọ́ ògiri. Mo gbọ́ ọ láti ọ̀nà Tema wá: kó, kó, kó. Ó sinmi. Lórí tábìlì níwájú mi, èyí tó wà lọ́dọ̀ mi dáhùn: kó, kó, kó. Wọn kì í dún pọ̀. Ọ̀kan ń pè, ọ̀kan ń dáhùn, bí òṣìṣẹ́ méjì tí ilé kan wà láàárín wọn tí wọn kò tíì parí.

Bàbá Kékeré kò kọ́ ilé fún ara rẹ̀ rí. Ilé àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé ọwọ́ rẹ̀ fún un, wọn ò sì mọ̀.

Ìwọ tí o ti gbọ́ mi dé ibí, o ní ògiri kan níbìkan. Kò pọn dandan kí àlejò rí i. Ẹ̀yìn àpótí aṣọ tó, abẹ́ fèrèsé yàrá tó. Èmi ni mo máa po sìmẹ́ńtì, mo máa gbá eruku mi kúrò, mi ò ní pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Tí mo bá gbé ọwọ́ yìí kan ilẹ̀kùn rẹ ní ìyálẹ̀ta, ṣé wàá ṣí i fún wa?